Ibi Tí Ọjà Ti Bẹ̀rẹ̀

Obìnrin mẹ́rin làwọn ará Ìkòsí ń pè ní nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò wọn. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn ló jẹ́ nọ́ọ̀sì lóòótọ́, ìyẹn Mátírọ́ọ̀nù Shittu, ọ̀gá gbogbo wọn. Adédiwúrà kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò ni ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ pè é: ẹni tó ń gbé àpótí abẹ́rẹ́ àjẹsára kọ́ apá, tó ń wọ bàtà òjò lọ sí Ajégúnlẹ̀ nígbà tí odò bá ya wọ ilé àwọn èèyàn, tó ń kan ilẹ̀kùn, tó ń béèrè bóyá ọmọ ti gba abẹ́rẹ́. Ọmọ Òdogbolu ni. Ó ti lé díẹ̀ lógójì ọdún, kò ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá. Tí wọ́n bá pè é ní nọ́ọ̀sì, kì í tún un ṣe mọ́. Ó tún un ṣe fún ọdún méje àkọ́kọ́, ó sì sú u.

Lọ́dún 2006, lẹ́tà kan dé pé kí ilé ìwòsàn náà fi ẹnì kan ránṣẹ́ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta lórí àìsàn ọpọlọ. Kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ.

"Kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ wa nípa wèrè?" ni Mátírọ́ọ̀nù wí. "Ta ni kì í mọ wèrè tó bá rí i? Diwúrà, ìwọ lẹsẹ̀ ẹ yá, máa lọ."

Ó lọ. Ó gba báàgì kan bọ̀, àti bírò kan, àti ìwé pẹlẹbẹ kan tó kà títí tí etí ìwé náà fi ká. Dókítà tó kọ́ wọn sọ pé àìsàn ọpọlọ ní oògùn bí ibà ṣe ní. Ó ní àbísínwín pàápàá, èyí tó ń mú obìnrin lẹ́yìn ìbímọ, tí wọ́n bá tètè gbé e lọ síbi tó yẹ, ó lè lọ pátápátá láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Adédiwúrà sọ gbogbo rẹ̀ fáwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè, níbi tí wọ́n ti ń jẹ mọ́ínmọ́ín. Wọ́n gbọ́ ọ dópin. Wọ́n wá bi í bóyá wọ́n fún wọn ní ẹran níbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Nọ́ọ̀sì Wèrè.

"Nọ́ọ̀sì Wèrè, aláìsàn yín ń bọ̀ o!" wọn á ké, tí ọkùnrin alákìísà kan bá gba iwájú ọgbà kọjá.

"Ẹ pè é wọlé, kẹ́ ẹ fún un ní káàdì," ni Adédiwúrà máa ń dá wọn lóhùn. Ẹ̀rín á pa wọ́n. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àwàdà ló ń ṣe.

Ọdún kejì ni ọ̀rọ̀ Wùmí dé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Wùmí, ó ń ta tòmátò ní Mile 12, ọkọ rẹ̀ Reuben sì ń tún fíríìjì ṣe ní Kétu. Ilé ìgbẹ̀bí ìjọ wọn ló ti bí àkọ́bí rẹ̀, lọ́wọ́ Mummy Success, ìyá agbẹ̀bí ìjọ náà. Kí ẹnikẹ́ni má fojú kéré obìnrin yìí. Àwọn ọmọ tó ti gbẹ̀bí wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ tiwọn wá bá a. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára aboyún, kì í dúró gbọ́ àmín tó fi ń dá takisí dúró. Aṣọ ara rẹ̀ ló máa ń tẹ́ sórí àga ọkọ̀. Adédiwúrà bọ̀wọ̀ fún un. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi dùn ún.

Ní ọjọ́ kejì ìsọmọlórúkọ ni Wùmí ò sùn mọ́. Ó ní ọmọ tí wọ́n gbé fún òun kọ́ lòun bí, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ nígbà táwọn àlejò ń jẹun. Tí ọmọ bá sunkún, ó ní ẹnì kan lórí òrùlé ló ń bá sọ̀rọ̀. Mummy Success mú un wá sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì pe àwọn obìnrin jọ fún ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje. Lọ́jọ́ Wẹ́sídeè ọ̀sẹ̀ náà ni Adédiwúrà gbé àpótí abẹ́rẹ́ rẹ̀ wá síbẹ̀, tó bá Wùmí lórí ẹní, ètè rẹ̀ gbẹ, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sí ògiri.

"Mummy, ìgbà wo ló jẹun kẹ́yìn?"

"Ààwẹ̀ là ń gbà fún un."

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gbà á! Òun ń fọ́mọ lọ́mú!"

"Nọ́ọ̀sì, ẹ má pariwo nílé Ọlọ́run."

"Mummy, tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló ń dà lára ẹ̀, ṣé ààwẹ̀ lẹ máa gbà?"

Mummy Success wò ó. Inú ò bí i. "Ẹ̀jẹ̀, mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ ibi tó ń gbà jáde, mo mọ ibi tí wọ́n ti ń dá a dúró. Èyí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹ wo ojú ẹ̀, Nọ́ọ̀sì. Ṣé ìyẹn jọ ohun tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́?"

"Ó jọ ọ́. Wọ́n ń gún un."

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni Adédiwúrà fi bẹ̀bẹ̀. Ó ń gbé ògì wá nínú fúláàsì, ó ń ṣí ìwé pẹlẹbẹ náà fún Reuben, ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣáà sọ fún mi," ni Reuben wí. "Ṣé ó lè sàn?"

"Ó lè sàn."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Reuben gbà. Mummy Success náà gbà nígbẹ̀yìn, pẹ̀lú àdéhùn pé alàgbà kan á tẹ̀lé wọn, á máa gbàdúrà nínú ọkọ̀. Adédiwúrà ní kí alàgbà mẹ́wàá tẹ̀lé wọn. Mátírọ́ọ̀nù Shittu ṣèlérí pé òun á kọ lẹ́tà tí wọ́n máa mú lọ sí ọsibítù àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ, torí ẹni tí kò bá mú lẹ́tà lọ, ẹnu géètì ni yóò jókòó sí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àárọ̀ Mọ́ńdè ni wọ́n fi àdéhùn sí.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè ọ̀hún, nígbà táwọn obìnrin ń nu ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, Wùmí jáde. Ó fi ọmọ sílẹ̀ lórí ẹní. Kálukú tú ká. Reuben sáré gba ọ̀nà Anthony lọ, àwọn kan gba Kétu. Adédiwúrà dúró, ó bi ara rẹ̀ léèrè pé níbo ni oníṣòwò ń lọ láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ó gba Mile 12 lọ tààrà.

Níbi táwọn tírélà ti ń já tòmátò ló ti rí i. Kò wọ bàtà, kò wé gèlè, omi ọmú ti mú kí iwájú bùláòsì rẹ̀ tutù. Ó kúnlẹ̀ ti apẹ̀rẹ̀ kan tí kì í ṣe tirẹ̀, ó ń ṣa tòmátò: èyí tó le sí apá kan, èyí tó ti rọ̀ sí apá kejì. Kò ṣi ẹyọ kan ṣà. Obìnrin kan tó ń kọjá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó béèrè èló ni. Wùmí pe iye kan fún un, iye ọjọ́ náà gan-an. Obìnrin náà dá iye náà sí méjì.

"Háà, Mummy, ẹ fowó kún un," ni Wùmí wí. "Ṣé ojú tòmátò yìí kọ́ lẹ rí ni?"

Ìgbà yẹn ni oníbàárà gbójú sókè, tó rí bùláòsì, tó rí ẹsẹ̀ tí ẹrẹ̀ ti bò. Ó yára lọ. Àwọn alábàárù bú sẹ́rìn-ín. Wùmí yíjú, ó rí Adédiwúrà.

"Aunty Nọ́ọ̀sì, ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ bá mi wí fún wọn, wọn ò jẹ́ kí n tajà."

Adédiwúrà tú gèlè orí ara rẹ̀, ó fi bò ó láyà, ó sì dì í lọ́wọ́ mú. Inú rẹ̀ ń dùn títí wọ́n fi dé ṣọ́ọ̀ṣì. Mummy Success sáré jáde, ó gbá Wùmí mọ́ra, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Jésù ṣeun! Jésù ṣeun o! Níbo lẹ ti rí i?"

"Ní Mile 12," ni Adédiwúrà dáhùn. "Nínú ọjà."

Ọwọ́ Mummy Success rọra kúrò lára Wùmí, bí ẹni tó gbá ìkòkò gbígbóná mú láìmọ̀.

"Ó ti wọ ọjà," ó wí.

Kò sẹ́ni tó ní kí ó túmọ̀ rẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé wèrè tó bá ti wọ ọjà, ó ti bọ́. Kò ṣeé wò mọ́, ẹ̀rọ̀ kan kò sí fún un mọ́ láyé. Adédiwúrà náà mọ̀ ọ́n. Òdogbolu ló ti gbọ́ ọ, kó tó mọ̀wé kà. Ohun tó ń dùn ún ni pé kò sọ sí i lọ́kàn rárá láàárọ̀ yẹn. Ká ní ó ti sọ pé ẹ̀bá títì ni, wọn ì bá ti wà nínú takisí.

Reuben jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù ní Ìfọ̀. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti dá ẹjọ́ náà. Lọ́jọ́ Fúráídeè, wọ́n máa gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá Reuben. Wùmí á padà sílé bàbá rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì tún dá ara rẹ̀ láàmú lórí ohun tó ti tán.

Adédiwúrà lọ bá Mátírọ́ọ̀nù fún lẹ́tà.

"Wọ́n ti sọ fún mi," ni Mátírọ́ọ̀nù wí. "Ó ti wọ ọjà."

"Ẹ̀yin náà, mà?"

"Kí ló dé tí kò fi ní jẹ́ èmi náà? Ṣé òyìnbó ló bí mi ni?"

"Mà, Wùmí ti ń wọ ọjà yẹn láti ọdún mẹ́fà. Ojoojúmọ́ ló ń wọ̀ ọ́. Ibẹ̀ niṣẹ́ ẹ̀."

"Nígbà yẹn, òun ló ń wọ ọjà. Láàárọ̀ yìí, ọjà ló wọ inú ẹ̀."

"Ẹ fi hàn mí nínú ìwé kan ṣoṣo, mà. Ìwé kan péré."

Mátírọ́ọ̀nù bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wọ ọjà ìlú wa lọ́dún 1981. Màmá wa ta ilẹ̀. A gbé e dé gbogbo ibi tí wọ́n dárúkọ fún wa. Inú ọjà yẹn ló kú sí, lábẹ́ àtíbàbà àwọn alápatà. Diwúrà, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta nìwọ lọ. Tèmi gba ọdún mẹ́tàlá."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ọdún mélòó ló ti ń ṣàìsàn kó tó wọ ọjà?"

"Bí ọdún márùn-ún."

"Ìgbà wo lẹ wá kọ́kọ́ gbé e lọ sí ọsibítù?"

Mátírọ́ọ̀nù dá gíláàsì padà sójú. "Máa lọ gún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, Mummy Success fúnra rẹ̀ wá sí ilé ìwòsàn. Ojú rẹ̀ wú. Ó fa Adédiwúrà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Nọ́ọ̀sì, mo fẹ́ bi yín. Inú ọjà gan-an ni, àbí ẹnu ọjà?"

"Mummy, kí ni ìyàtọ̀?"

"Ìyàtọ̀ wà! Ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ṣé ó ti wọlé ni?"

"Níbi tí tírélà ti ń já ẹrù ni."

"Ṣé inú ọjà nìyẹn?"

Adédiwúrà fẹ́ ké. Ó fẹ́ di obìnrin náà léjìká mú kó sì mì ín. Ṣùgbọ́n Fúráídeè ti ku ọjọ́ mẹ́ta. "Mi ò mọ̀, Mummy," ó wí. "Ta ló mọ̀?"

Alhaja Ajarat, olórí àwọn alátòmátò, ló mọ̀. Wọ́n bá a lórí àga rẹ̀ lábẹ́ agbòòrùn, ó ń fi ẹnu darí àwọn alábàárù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ro ẹjọ́ wọn.

Alhaja rẹ́rìn-ín títí tí agbòòrùn fi ń mì. "Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀ṣì, ẹ rin ìrìn yìí wá bi mí níbi tí ọjà ti bẹ̀rẹ̀? Àwọn tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì gan-an ń jà lé e lórí!" Nígbà tó gbọ́ orúkọ Wùmí, ẹ̀rín náà kúrò. "Ọmọ yẹn? Èmi ni mo fún un níbi tó ń pàtẹ sí. Níbo ló dúró sí?"

"Níbi tí wọ́n ti ń já tòmátò sílẹ̀, mà."

Alhaja ronú. "Ibẹ̀ kì í ṣe ọjà. Ẹrù ni wọ́n ń já níbẹ̀. Ẹrù kì í di ọjà àfi tí wọ́n bá ná an. Ibi tí ẹnu ẹni tó ń tà àti ẹnu ẹni tó ń rà bá ti pàdé, ibẹ̀ lọjà ti bẹ̀rẹ̀."

"Halelúyà!" ni Mummy Success ké.

"Mummy Halelúyà, ẹ farabalẹ̀ ná. Nọ́ọ̀sì, ìwọ lo rí i. Ṣé ẹnikẹ́ni bá a ná nǹkan?"

Ohun tí Adédiwúrà rí láàárọ̀ Mọ́ńdè ló jẹ́ kó gbà pé Wùmí á sàn: obìnrin tí gbogbo ayé ti dàrú mọ́ lójú, tó ṣì mọ tòmátò tó le yàtọ̀ sí èyí tó rọ̀, tó sì mọ iye tí wọ́n ń tà á lọ́jọ́ náà. Ó ti rò pé òun á sọ ọ́ fún dókítà. Ní báyìí, ohun kan náà ló máa dá Wùmí lẹ́bi. Gbogbo ọjọ́ ayé iṣẹ́ rẹ̀ ló fi ń bá àwọn ìyá jà pé kí wọ́n má purọ́ fún òun, kí wọ́n sọ ìgbà tí ọmọ gba abẹ́rẹ́ kẹ́yìn.

"Rárá, mà," ó wí.

"Kò sẹ́ni tó béèrè èló ni?"

"Kò sẹ́nì kankan, Alhaja."

"Ó tán. Kò wọ ọjà. Ẹ lọ sọ fún ọkọ ẹ̀ pé Ajarat ló wí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá bá mi níbí."

Reuben gbọ́, ó sunkún. Ó tún pe Ìfọ̀. Mátírọ́ọ̀nù Shittu fa bébà yọ, ó kọ lẹ́tà náà kí ẹnikẹ́ni tó mí lẹ́ẹ̀mejì. "Ìwọ náà ò sì tètè sọ," ó wí, bó ṣe ń tẹ òǹtẹ̀ lù ú. Inú ń bí Adédiwúrà nígbà tó gbà á. Ọdún kan ló fi ka ìwé pẹlẹbẹ yẹn sí wọn létí, wọ́n sọ ọ́ dorúkọ yẹ̀yẹ́. Olórí alátòmátò sọ gbólóhùn mẹ́rin, gbogbo wọn gbà.

Dókítà tó rí Wùmí béèrè ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó béèrè oorun, ó béèrè oúnjẹ, ó béèrè bóyá irú rẹ̀ ti ṣe ẹnì kan rí nínú ẹbí wọn. Kò béèrè ibi tí wọ́n ti rí i. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni Wùmí lò ní ọsibítù náà. Ó padà wálé, ó rù, ó ń sùn, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀ nítorí oògùn. Wọ́n gbé ọmọ fún un. Ó wo ojú rẹ̀ pẹ́. "Ó ti sanra," ó wí, ó sì fi í sáyà.

Ìdúpẹ́ wọn bọ́ sí ọjọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e. Mummy Success gba gbohùngbohùn.

"Wọ́n ní ó ti wọ ọjà!"

"Irọ́ ni!" ni ìjọ dáhùn.

"Ọlọ́run ní ẹnu ọjà ni! Nọ́ọ̀sì wà láàárín wa. Nọ́ọ̀sì, ẹ dìde, ẹ sọ ohun tójú yín rí!"

Adédiwúrà dìde. Àwọn tó wà níbẹ̀ á tó ọ̀ọ́dúnrún. Ẹ̀rí tó ń wá láti ọdún kan wá ló jókòó níwájú yẹn, ó wọ aṣọ funfun, ó ń ju ọmọ sókè sódò lórí itan. Tó bá sọ pé inú ọjà gan-an ni, pé wọ́n bá a ná tòmátò, ó sì sàn, gbólóhùn kan yẹn á ṣe ohun tí ìwé pẹlẹbẹ kò lè ṣe láéláé. Ṣùgbọ́n ìyá Reuben wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wùmí. Ó ti wá láti Ìfọ̀, báàgì ọmọ ṣì wà lábẹ́ àga rẹ̀, kò sì mú ojú kúrò lára Adédiwúrà. Tó bá gbọ́ pé wọ́n ná ọjà, ó máa gbé ọmọ lọ lọ́jọ́ náà. Reuben kò ní lè dá a dúró.

"Ẹnu ọjà ni," ni Adédiwúrà wí, ó sì jókòó. Wọ́n lu ìlù fún un.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mojeed, fọkanáísà láti Ajégúnlẹ̀, wá sí ilé ìwòsàn. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá abẹ́rẹ́, ó di fìlà mú.

"Aunty, ìyàwó mi ló fà mí lọ síbi ìdúpẹ́ yẹn. Mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ. Ti àbúrò mi obìnrin ni mo bá wá. Tiẹ̀ wọlé dáadáa ni. Ọjọ́ méjì ló sùn sínú ọjà. Mo mọ̀ pé kò sí nǹkan tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́. Màmá wa ló ní kí n ṣáà béèrè."

"Oògùn yẹn ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó wọ ọjà, ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tí kò wọ̀ ọ́. Mú un wá."

"Ẹ mà ṣeun, mà." Kò gbé ẹsẹ̀. "Aunty, ṣé ẹ mọ ẹnì kan, ẹyọ kan péré, tó wọ ọjà tó sì sàn?"

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ ni. Wùmí wà lórí bẹ́ǹṣì níta pẹ̀lú àwọn ìyá yòókù, ọmọ rẹ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ó ń bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lórí iye tí wọ́n ń ta ata lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ̀yìn ni Mojeed kọ sí i.

"Wọ́n wà," ni Adédiwúrà wí.

"Ta ni, mà?"

Adédiwúrà wo Wùmí lórí bẹ́ǹṣì níta, ó yára gbójú kúrò. "Mú un wá lọ́la. Tí Mátírọ́ọ̀nù bá bi ẹ́ níbi tó sùn sí, sọ pé ẹ̀bá títì ni."

Mojeed wò ó bí ẹni tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Aunty, gbogbo ọjà ló rí i. Àwọn ló ránṣẹ́ pè wá."

Mojeed dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dé fìlà, ó sì jáde. Wùmí ká ẹsẹ̀ kò kí ó lè rí ọ̀nà kọjá. Ó kí Wùmí kú ọmọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Adédiwúrà wo káàdì ọwọ́ rẹ̀, ó pe ọmọ tó kàn.